Ọ̀sẹ̀ Tí Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Mi

Ìgbà tí mo délé wá sọ fún màmá mi ní Ìgbàrà-Òkè pé ilé-ìkàwé ni mo ti ríṣẹ́, ó wò mí títí. Ó ní, "Ulé ùwé? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ju kí wọ́n máa nu eruku?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní a tún máa ń to ìwé. Ó ní, "Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán ńkọ́?" 

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, tí àwọn òbí yín ń pariwo dókítà àti lọ́yà sí yín létí, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń san. Wọ́n gbà mí, wọ́n sanwó, mo fi jẹun, mo fi tọ́ ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí wọ́n ṣe ń sọ ènìyàn di olórí láàárín àwọn tó ń to ìwé àti àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, àti ohun tí ó ná èmi kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ìlú Oǹdó ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí ilé-ìkàwé rẹ̀ kò ju gbọ̀ngàn kan ṣoṣo lọ. Obìnrin ni ọ̀gá mi, ọmọ Oǹdó gan-an, Ìyáàfin Akíndélé. Mà Akíndélé ni gbogbo wa ń pè é. Kò ga, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí bàtà rẹ̀ bá ti ń dún bọ̀ ní kọ́ńkọ́, àwa mẹ́rin tí a jẹ́ ọmọ iṣẹ́ á ti dìde kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Yóò ní ká na ọwọ́ wa, yóò wo àtẹ́lẹwọ́, yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọwọ́ tó jẹ ẹ̀pà kì í kan ìwé," ohun tí í wí nìyẹn.

Olúkúlùkù wa ló ní ṣẹ́ẹ̀fù tirẹ̀. Ní àràárọ̀, a ó fi ojú ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ìwé kankan má baà ṣìnà. A rò pé iṣẹ́ àṣedànù ni, àfi ìgbà tí a wá mọ̀ pé Mà Akíndélé fúnra rẹ̀ máa ń mú ìwé kan kúrò ní ipò rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á fi pamọ́ sáàárín àwọn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i kò ní lọ jẹun ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ebi ọ̀sán pa mí ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tápúrétà la fi ń tẹ káàdì nígbà náà, káàdì kan fún ìwé kan, láti fi mọ ibi tí ìwé náà wà. Bí o bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, wàá fà á ya, wàá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo sunkún nítorí káàdì. Lónìí, bí mo bá rántí ìró àwọn dúrọ́ọ̀ onígi tí a ń to káàdì sí nígbà tí wọ́n bá ń wọlé sí àyè wọn, ọkàn mi á fà sí i bí ẹni pé ìlú kan ni mo kúrò níbẹ̀ tí wọn kò sì jẹ́ kí n padà.

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni ọ̀sẹ̀ kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mà Akíndélé kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé-ìkàwé lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Dúpẹ́, ìwọ ni ọ̀gá di ọjọ́ Ẹtì." Ó mú ìwé ìròyìn, ó lọ jókòó sí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni tó wá kàwé lásán. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá bi í léèrè, á ṣí ojú ewé kejì.

Ní ọjọ́rú, olùkọ́ àgbà kan wọlé, ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀. Ó gbá ìwé kan mú tí a kì í yá ẹnikẹ́ni, tí ó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn nìkan la ti ń kà á, ó ní òun ń gbé e lọ sílé. Mo ní, "Ẹ má bínú, Sà, ìwé yìí kì í jáde." Ó figbe ta. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tí òun jẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn gbójú sókè. Mo wo ọ̀dọ̀ fèrèsé. Mà Akíndélé ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀ sí ojú ewé tuntun. Mo yà fún ọkùnrin náà. Ó gbé ìwé lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ wá bèèrè ìwé náà. Kò bá a. Ó bínú, ó ní ta ló jẹ́ kó jáde. Mo ti ya ẹnu láti sọ̀rọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Èmi ni," Mà Akíndélé ló sọ bẹ́ẹ̀. "Èmi ni mo kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí kò tíì gbó. Ẹ̀bi mi ni."

Ó gba gbogbo ọ̀rọ̀ líle tí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ sí i níṣojú wa. Kò wò mí. Ìgbà tí ọ̀gá lọ tán, mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé mo jẹ́ kí ìwé lọ.

Ó ní, "Kì í ṣe ìwé ni mo ń bá ẹ wí. Ìgbà tí ọkùnrin yẹn ń pariwo, ojú ta lo wò?"

"Ojú yín, Mà."

"Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í wo ojú ẹlòmíràn. Bó bá dára, kí ó pín in fún àwọn tó bá a ṣe é. Bó bá bàjẹ́, kí ó gbé e nìkan." Ó gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tún kó o fún mi.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo lọ kà lẹ́yìn náà ní yunifásítì dára, mo gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé ńlá tí a kà nípa jíjẹ́ olórí, mi ò rí èyí tó kọjá ohun tí obìnrin yẹn fi ìwé ìròyìn kọ́ mi. Ohun tó dùn mí ni pé mo gbàgbé rẹ̀ nígbà tó yẹ kí n rántí.

Mo bọ́ sí Àkúrẹ́, sí ilé-ìkàwé yunifásítì. Ibẹ̀ ni mo ti gòkè, títí mo fi di olórí gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ti bá wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni, a fi aṣọ funfun bò ó bí àga ìyàwó. Nígbà tó yá, wọ́n pọ̀, wọ́n sì ní ká kó gbogbo ohun tó wà lórí káàdì sínú wọn. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe é. Ìgbà tí a parí, mo ní kí wọ́n kó àpótí káàdì lọ sí ilé páànù tó wà lẹ́yìn ọgbà, kí àyè lè wà. Ikán jẹ wọ́n níbẹ̀, kò sì dùn mí nígbà náà. Mo rò pé ìgbà wọn ti kọjá.

Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa ni Ọmọ́táyọ̀, ọmọ Òkìtìpupa. Ọ̀dọ́kùnrin tó tinú ni, tó máa ń fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu rò kó tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ìjà abẹ́lẹ̀ wà láàárín àwa tí a ń to ìwé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa ń sọ pé wọn kò mọ ìwé, wáyà nìkan ni wọ́n mọ̀. Àwọn ń sọ pé àwa ti di ògbólógbòó, a ń dí ọ̀nà. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo máa ń pa òwe yìí níbi ìpàdé, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi, mi ò sì ń ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Táyọ̀ wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Gbogbo àkọsílẹ̀ wa wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà, nínú yàrá kan lókè pátápátá. Ó ti da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ṣeé fi ọwọ́ kan gbé. Ní ìgbà kẹta, ó gbé e wá sí ọfíìsì mi nínú ọ̀rá dúdú.

Ó ní, "Mà, ẹ̀dà ọ̀hún nìyí. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ilé àwọn onísáyẹ́ǹsì lódìkejì ọ̀nà. Bí nǹkan kan bá ṣe tibí, tọ̀hún á kù fún wa."

Mo ti ń rò ó lọ́kàn mi pé ṣe ni wọ́n fẹ́ gba ilé-ìkàwé lọ́wọ́ mi ní díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Táyọ̀, o ò tíì máa rìn nígbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìwé. Àkọsílẹ̀ ilé-ìkàwé kì í sùn nílé onílé. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀."

Ó ní, "Mà..."

Mo ní, "Mo ti sọ̀rọ̀."

Ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà, inú yàrá kan náà. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wọ́n fi igi náà hàn mí, mo di ojú.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo wà nílé ní àdúgbò Ijapo, mo ń sáré kó aṣọ kúrò lórí okùn. Afẹ́fẹ́ òjò náà ṣí páànù ilé púpọ̀ láàárín ìgboro, mo sì ń ṣàánú àwọn tó ni wọ́n. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé tèmi wà lára wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá omi lórí àtẹ̀gùn, tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè. Mo gun òkè lọ. Ọ̀run la rí látinú yàrá yẹn. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Táyọ̀ lóṣòó sílẹ̀, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òun ló fi ń nu ara sáfà. Ẹ̀rọ kékeré náà wà lórí itan rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó gbójú wò mí.

Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ti lọ. Ìwé wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí ẹyọ kan wà. Káàdì ti di oúnjẹ ikán.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Wọ́n bi Táyọ̀ ìdí tí ẹ̀dà fi wà nínú yàrá kan náà. Ó ní òun bẹ̀bẹ̀ pé kí òun gbé e lọ síbòmíràn, wọn kò gbà fún òun. Alága yíjú sí mi.

"Mà, ṣé ó kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo ní, "Rárá, Sà. Kò kọ̀wé sí mi."

Òótọ́ ni. Ẹnu ló fi sọ ọ́, kò kọ̀wé. Gbogbo wọn mi orí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò wo ọ̀dọ̀ Táyọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n fún un ní ìwé pé kó lọ rọ́kún nílé, ìyọníṣẹ́ sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà.

 Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ ọkọ̀ Oǹdó. Mà Akíndélé ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ojú rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ ṣú tán. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ìka rẹ̀ ló fi ń ríran. Ó mọ ohùn mi. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo parí rẹ̀ pé, "Ṣùgbọ́n mi ò purọ́, Mà."

Ó ṣẹ́ ẹ̀gúsí mẹ́ta, mẹ́rin. Ó ní, "O ò purọ́. O kàn fi òótọ́ kékeré bo òótọ́ ńlá mọ́lẹ̀ ni."

Ó tún ṣẹ́ ọ̀kan sí i.

"Dúpẹ́, ìwé tí olùkọ́ yẹn gbé lọ ní ìjọ́sí, ta ni mo sọ pé ó jẹ́ kó jáde?"

Omi bọ́ lójú mi. Ó na ọwọ́ olómi ẹ̀gúsí, ó wá orí mi rí, ó gbé e lé e.  Ìgbẹ̀yìn tí mo rí i nìyẹn. Kò pẹ́ sígbà náà tí ó papò dà, kò sì sí ọjọ́ kan tí àárò ọwọ́ yẹn kì í sọ mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọmọ́táyọ̀ sọ fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀, àti pé èmi ni mo pàṣẹ ibi tí ẹ̀dà náà wà. Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ mi fún ọdún méjì, wọ́n pe Táyọ̀ padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo ya wèrè, pé ọ̀rọ̀ tó ti kú, mo lọ hú u.

Táyọ̀ padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kì í ṣe láti jókòó. Ó fi gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó sì wá dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Mo ní, "Táyọ̀, wọ́n ti dá ẹ padà. Ṣé o ò rí lẹ́tà ni?"

Ó ní, "Mo rí i, Mà. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí alága bi yín léèrè, ojú yín ni mo ń wò. Mi ò lè máa wò ó lójoojúmọ́."

Ó lọ. Láàárín ọdún náà, a gbọ́ pé ó ti kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ìlú òyìnbó.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun. Ìwé kọ̀ọ̀kan, ṣẹ́ẹ̀fù kọ̀ọ̀kan, a ń gbé e sílẹ̀, a ń wò ó, a ń kọ ọ́. Mo wà láàárín wọn bí ọmọ iṣẹ́, mi ò ní ipò. Ẹnìkan tó mọ ìwé á jókòó ti ẹnìkan tó mọ kọ̀ǹpútà, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Èyí àkọ́kọ́ ń pè, èkejì ń tẹ̀ ẹ́. Oṣù méjìdínlógún. Ẹ gbà mí gbọ́, nínú gbogbo iṣẹ́ ayé mi, àwọn oṣù yẹn ni mo ń ṣàárò jù. A ń jẹ ẹ̀wà látinú abọ́ kan. A ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbà ọkùnrin kan tó ti ń to káàdì kí wọ́n tó gbà mí ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tuntun sọdá sí ilé àwọn onísáyẹ́ǹsì. Bó ti padà dé, ó jókòó, ó ní, "Táyọ̀ ì bá wà níbí." 

Ìgbà tí wọ́n dá ipò mi padà, mo mú ọ̀sẹ̀ kọ́kọ́rọ́ wá sí Àkúrẹ́, mo sì fi kún un. Ẹni tí a bá rí i pé ó lè ṣe olórí lọ́la, bó bá jẹ́ ẹni ìwé, yóò lo ọ̀sẹ̀ kan ní yàrá kọ̀ǹpútà lábẹ́ àṣẹ àwọn tó kéré sí i. Bó bá jẹ́ ẹni kọ̀ǹpútà, yóò lo ọ̀sẹ̀ kan nídìí tábìlì tí a ti ń yá ìwé. Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ á wá bọ́ sí i lọ́wọ́. Èmi á mú ìwé ìròyìn, màá lọ jókòó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bùsọ́lá, ọmọbìnrin Ọ̀wọ̀ kan tí kọ̀ǹpútà nìkan ló kà, sunkún ní ọjọ́ kejì nítorí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè ìwé kan tí kò rí. Ó yíjú wò mí. Mo ṣí ojú ewé tuntun. Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Ó ṣe mí bíi kí n dìde. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí Mà Akíndélé fara dà lẹ́bàá fèrèsé.

Bùsọ́lá ni olórí ilé-ìkàwé náà lónìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan bínú pé ẹni wáyà ni mo fi jẹ ọba lé wọn lórí. Mo ní kí wọ́n bínú sí èmi, kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo ṣì ń jí, mo sì ń wọṣọ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, kí n tó rántí. Nígbà míì mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọgbà yunifásítì, màá sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé ká padà. Bí mo bá wọlé, wọ́n á dìde fún mi, wọ́n á gbé àga, kò sì ní sí iṣẹ́ kan tó jẹ́ tèmi níbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, Bùsọ́lá bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé káàkiri ayé ṣe ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Ó rí Táyọ̀ láàárín wọn. Ilé-ìkàwé yunifásítì kan ló ń bójú tó lọ́hùn-ún. Ó gba nọ́ńbà rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ mẹ́jọ ni nọ́ńbà náà fi wà lórí fóònù mi. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì pè é.

"Táyọ̀, èmi ni. Dúpẹ́. Mà, ti ilé-ìkàwé."

 Ó ní, "Ẹ káàsán, Mà."

Mo ní, "Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ ni."

"Ẹ ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà nígbà yẹn, Mà."

"Ìgbìmọ̀ ni mo kọ ọ́ sí. Mi ò kọ ọ́ sí ìwọ."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Mo ti gbọ́." Ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀.

Ó wà lẹ́nu mi láti bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé. Mi ò bi í. Ẹni tó lé ènìyàn kúrò nílé kì í bi í nígbà tó ń bọ̀. Mo bèèrè àwọn ọmọ. Ó ní wọ́n ti di mẹ́ta, èyí àkọ́bí nìkan ni wọ́n bí sí Àkúrẹ́. Mo ní kó dárúkọ wọn fún mi, mo sì wá bíró àti ẹ̀yìn ìwé ìsìn tí mo mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó dárúkọ àkọ́bí, mo kọ ọ́. Ó dárúkọ èkejì, mo kọ ọ́. Ó sáré pe orúkọ ẹ̀kẹta bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é, n kò gbọ́ ọ yé. Mo ní, "Tún un sọ, jọ̀wọ́, kí n lè fi àmì sí i bó ṣe yẹ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi òun ní àmì orí orúkọ ọmọ òun. Lẹ́yìn náà ni ó rọra pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, bí ẹni tó ń pè é fún ara rẹ̀.

"Ilésanmí."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi àmì sí i.